Ẹyin Mọ́kànlá àti Ìṣó Kan

1.

…bírékà náà sì tún já wálẹ̀, *pàá*, bí ẹni gbá ọmọ aláìgbọràn létí. Fáànù rẹ̀wẹ̀sì. Fíríìjì mí kanlẹ̀, ó dákẹ́. Nínú yàrá, gílóòbù méjì tó wà nínú àpótí ìsàba kú pọ̀.

"Àpótí rẹ ti tún ṣe é," ni Alága wí fún ìyàwó rẹ̀.

"Àpótí mi kẹ̀? Gílóòbù méjì péré! Áyọ́ọ̀nù tí ẹ fi ń lọ pátá ńkọ́, Alága?"

Alága ẹgbẹ́ ayálégbé ni. Ilé alájà mẹ́ta ni. Wọ́n yàn án lọ́jọ́ tí èèyàn mẹ́rin wá sípàdé, òun sì ni ẹ̀kẹrin. Kó tó fẹ̀yìn tì, ọgbọ̀n ọdún ló fi ń yẹ òṣùwọ̀n àwọn oníṣòwò wò, bóyá ó péye. Láti ìgbà náà, kò tíì rí ohun tí òun ò lè wọ̀n.


2.

*(Lára ògiri àtẹ̀gùn, nísàlẹ̀.)*

ÌKÉDE LÁTI ỌWỌ́ ALÁGA

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kan ìṣó mọ́ ògiri. Ìwé àdéhùn ilé kọ̀ ọ́. Lánlọ́ọ̀dù kọ̀ ọ́. Èmi gan-an kọ̀ ọ́.

Ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀, kó má wá fi ojú àánú wò mí.

*(Ó fọwọ́ sí i lẹ́ẹ̀mejì. Ti àkọ́kọ́ ò wù ú.)*

*(Gọ́ọ̀mù ló fi lẹ̀ ẹ́.)*


3.

Ohun tó wà nínú àpótí ìsàba:

— gílóòbù méjì, fún ooru
— abọ́ omi kan, kí afẹ́fẹ́ má baà gbẹ
— òṣùwọ̀n ooru kan, tó gbọdọ̀ dúró sí 37.5
— ẹyin mọ́kànlá

Àwọn adìẹ ìyá ìyàwó Alága ló ni ẹyin. Adìẹ bí adìẹ, adìẹ bí adìẹ, láti ìgbà tí ìyàwó fi wà lọ́mọdé tó ń lé wọn kiri ẹ̀yìnkùlé. Ìyá kú. Adìẹ tó kẹ́yìn nínú ìdílé náà yé mọ́kànlá, kò sàba lé wọn, òun náà sì tẹ̀ lé ìyá lọ.

Kò sí ìkejìlá níbikíbi láyé.

Ọjọ́ mọ́kànlélógún ni wọ́n ó lò nínú àpótí. Bí òtútù bá pẹ́ lára wọn, wọ́n á kú. Ẹyin kì í sì í kígbe kó tó kú.


4.

Àwọn tí Alága fẹ̀sùn kàn, ọjọ́ kìíní sí ọjọ́ kẹjọ:

Áyọ́ọ̀nù. *(Wọ́n yọ ọ́. Bírékà já.)*
Kẹ́tùlù. *(Wọ́n yọ ọ́. Bírékà já.)*
Fíríìjì. *(Wọ́n yọ ọ́. Ẹja bàjẹ́. Bírékà já.)*
Bírékà fúnra rẹ̀. *(Lánlọ́ọ̀dù fi tuntun sí i. Tuntun yá lára ju ti àtijọ́ lọ.)*
Ìjọba.
Àpótí ìsàba.


5.

Ọjọ́ kẹsàn-án. Ìyàwó ti lọ kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké níwèé. Alága yọ okùn àpótí kúrò nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì.

Ó pè é ní àyẹ̀wò.

Ó fa àga, ó jókòó tì í, ó di apá mọ́ àyà.

37.5.
36.
34.

Nígbà tó di 12:40, *pàá*. Bírékà já. Àpótí kọ́ ló fà á, okùn rẹ̀ nìyí nílẹ̀.

Alága gbé bírékà sókè. Ó dá okùn padà. Ó fa áńkáṣíìfù yọ, ó nu ojú òṣùwọ̀n náà títí ó fi ń dán, bí ẹni pé ooru máa ń fi ipa ẹsẹ̀ sílẹ̀.

Kò sọ fún ẹnì kankan.


6.

*(Ọjọ́ kẹrìnlá. Ìyàwó fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀, torí Alága máa ń sẹ́ ọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kejì. Oníṣẹ́ iná ni obìnrin tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Àǹtí Wáyà.)*

ÀǸTÍ WÁYÀ: Ẹ kúulé o. Ibo ni bírékà wà?

ALÁGA: Kó o tó fọwọ́ kàn án, jẹ́ kí n ṣàlàyé bí iná ṣe ń rìn.

ÀǸTÍ WÁYÀ: Ẹ máa ṣàlàyé, sà. Etí mi ń gbọ́, ọwọ́ mi ń ṣiṣẹ́.

*(Àlàyé náà gba ìṣẹ́jú mọ́kànlá.)*

ÀǸTÍ WÁYÀ: Ẹ ṣeun, sà. Iná ń jò.

ÌYÀWÓ: Ó ń jò bí omi?

ÀǸTÍ WÁYÀ: Bí omi gẹ́lẹ́, mà. Ó ń gba inú ògiri sá lọ, bírékà sì ń rí i, ó ń já kó má baà pa èèyàn. Ìwà rere ló ń hù. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí ògiri gbẹ, iná ò jò. Ẹ kan nǹkan mọ́ ògiri yìí bí?

ALÁGA: Nínú ilé tí mo ti jẹ́ alága?

ÀǸTÍ WÁYÀ: Fọ́tò yín yìí ńkọ́? Ó ga tó ilẹ̀kùn.

ALÁGA: Ọjọ́ tí mo fẹ̀yìn tì ni wọ́n fún mi. Gọ́ọ̀mù ló gbé e.

ÀǸTÍ WÁYÀ: Gọ́ọ̀mù?

ALÁGA: Gọ́ọ̀mù tó dáa.

ÀǸTÍ WÁYÀ: Ẹ sọ orúkọ ẹ̀ fún mi, sà. Màá fi lẹ ọkọ mi mọ́lé.

*(Ẹ̀rín. Ohùn obìnrin méjì ni.)*

ÀǸTÍ WÁYÀ: Mà, ẹ máa kọ aago tó bá ń já sílẹ̀. Ohun tó bá ń wá tó ń lọ, ó ní ẹni tó ń rán an níṣẹ́.


7.

*(Ìwé ìyàwó.)*

Ajé — 6:10 àárọ̀
Ìṣẹ́gun — 6:10 àárọ̀
Ọjọ́rú — kò já
Ọjọ́bọ̀ — 12:40 ọ̀sán
Ẹtì — 12:40 ọ̀sán

*(Orí fóònù, ẹgbẹ́ ayálégbé.)*

ÌYÀWÓ ALÁGA: Nọ́ọ̀sì wa tòkè, ẹ má bínú. Aago mélòó lẹ máa ń wẹ̀?

NỌ́Ọ̀SÌ ÒKÈ: Mà???

TÉLỌ̀ ÌSÀLẸ̀: Ìpàdé yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dùn.

NỌ́Ọ̀SÌ ÒKÈ: Bí mo bá ń ṣiṣẹ́ àárọ̀, 5:45. Bó bá jẹ́ ti ọ̀sán, 12:15. Ọjọ́rú ni ìsinmi mi, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ni mo máa ń wà. Ṣé kò sí o?

Ìyàwó gbé ìwé rẹ̀ àti fóònù síra.

Ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n.

Nígbà gbogbo.

Omi kan wà tó ń yọ́ jáde lára páìpù òkè, tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ògiri tí ojú ẹnikẹ́ni ò tó. Ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n ló fi ń rìn. Kì í pẹ́, kì í yá. Ọgbọ̀n ọdún tí Alága fi wà lẹ́nu iṣẹ́, kò bá òṣìṣẹ́ kan pàdé tó ń pa aago mọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ìyàwó gbé ọwọ́ lé ògiri. Ó tutù. Ó tẹ̀ lé òtútù náà bí ẹni ń ka ìwé afọ́jú, títí ọwọ́ rẹ̀ fi kan férémù fọ́tò ọkọ rẹ̀.

Ó wo fọ́tò. Fọ́tò rẹ́rìn-ín sí i.

"Gọ́ọ̀mù," ni Alága wí láti ẹ̀yìn rẹ̀.


8.

Ọjọ́ ogún. 12:40. *Pàá.*

Alága nìkan ló wà nílé. Fáànù yí, ó yí, ó dúró. Fíríìjì mí kanlẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ wọlé wá jókòó.

Ó ti dìde láti lọ gbé bírékà sókè kó tó gbọ́ ọ.

*Sín-ín.*

Ó rò pé ẹyẹ ni, lójú fèrèsé. Kò sí ẹyẹ.

*Sín-ín. Sín-ín.*

Ó tẹ̀ síwájú. Ó gbé ọmọrí àpótí. Kò sí èyí tó sán nínú àwọn ẹyin náà, gbogbo wọn jọ̀lọ̀ bí òkúta inú odò. Àmọ́ ọ̀kan ké láti inú lọ́hùn-ún. Òmíràn dá a lóhùn. Ẹ̀kẹta dá sí i.

Wọn ò tíì rí ayé, wọn ò tíì rí ara wọn, síbẹ̀ wọ́n ń kí ara wọn.

Alága kúnlẹ̀. Orúnkún rẹ̀ dún ju ẹyin lọ, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó dákẹ́. Ó ti wọn ìrẹsì, ó ti wọn wúrà, ó ti wọn irin. Kò sí òṣùwọ̀n tí wọ́n ń gbé èyí lé. Bí iná bá wà ni, fáànù ì bá ti bo ohùn wọn mọ́lẹ̀, kò ní gbọ́, á kú láìgbọ́. Ìbàjẹ́ tó ń lé láti ogún ọjọ́ ló ṣí i létí.

Ó fi etí lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ń kà.

Mẹ́wàá.

Ó tún fi etí lé ìkọkànlá. Kò gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀. Ó pa ojú dé.

34, ni òṣùwọ̀n kan sọ nínú orí rẹ̀. Ọjọ́ kẹsàn-án. 34.


9.

*(Orí fóònù, ẹgbẹ́ ayálégbé, 1:05 ọ̀sán. Lẹ́ẹ̀mejì ni Alága kọ ọ́ tó pa á rẹ́.)*

~~A ti ṣàwárí pé ìṣó kan ṣeé ṣe kó wà~~

~~Nítorí àìmọ̀ àwọn tó kọ́ ilé yìí, ẹni tó bá fẹ́ gbé fọ́tò kọ́~~

ALÁGA: Èmi ni. Ìṣó kan wà lẹ́yìn fọ́tò mi. Èmi ni mo kàn án.

*(Ìṣẹ́jú mẹ́rin.)*

TÉLỌ̀ ÌSÀLẸ̀: Ha.

LÁNLỌ́Ọ̀DÙ: Mo ti rí i. Mò ń bọ̀ lọ́la.

ÌYÀWÓ ALÁGA: Ẹ gbé bírékà sókè, kí ẹ pe Àǹtí Wáyà. A ó jà tó bá yá.


10.

Wọ́n ní bí irọ́ bá rìn fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ó bá a. Ti Alága ò jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kọkànlélógún, aago mẹ́wàá àárọ̀, fọ́tò rẹ̀ wà nílẹ̀, ó kọjú sí ògiri bí ọmọ tí tísà fìyà jẹ.

Àǹtí Wáyà fa ìṣó náà yọ. Ó gùn tó ìka àárín. Ẹnu rẹ̀ dúdú, ó ti jóná.

"Ẹ wò ó. Ó fi eyín bu wáyà jẹ báyìí, díẹ̀ báyìí. Bí ògiri bá gbẹ, kò sí wàhálà. Bó bá tutù, iná rọ́nà. Sà, gọ́ọ̀mù yín rèé."

Wáyà tuntun á gba ogójì ìṣẹ́jú. Kò gbọdọ̀ sí iná.

Alága ti bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Kóòtù tó wọ̀ nínú fọ́tò, èyí tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn, ló fi di ẹyin mọ́kànlá mọ́ ikùn ara rẹ̀. Ó jókòó láì mira.

"Ẹ ti di àgbébọ̀," ni ìyàwó wí.

"Rẹ́rìn-ín dáadáa. Ó tọ́ sí mi." Ó gbá kóòtù náà mọ́ra. "Lọ́jọ́ kẹsàn-án, mo yọ okùn. Wákàtí kan."

"Mo mọ̀."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Òṣùwọ̀n náà mọ́ jù. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ yín, ẹ ò nu nǹkan kan rí nínú ilé yìí." Ó fi etí lé kóòtù náà, lé ikùn rẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. "Mẹ́wàá," ló wí.

"Mẹ́wàá," ni ọkọ rẹ̀ wí.

Àǹtí Wáyà gbé bírékà sókè. Fáànù yí, wọ́n pa á kí wọ́n lè gbọ́ràn. Wọ́n yọ fíríìjì. Wọ́n dá ẹyin mẹ́wàá padà sábẹ́ gílóòbù. Ìkọkànlá wà lọ́wọ́ Alága síbẹ̀; kò sẹ́ni tó ní kó gbé e wá.

"Nọ́ọ̀sì!" Àǹtí Wáyà nahùn sókè láti ojú fèrèsé. "Ẹ ṣí omi! Ká mọ̀ bóyá mo ṣiṣẹ́ tàbí mo ṣeré!"

Lókè, omi bẹ̀rẹ̀ sí í dà.

Ìṣẹ́jú kan.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Òtútù ti dé òkè ògiri.

Ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún. Ẹyin kan nínú àpótí sán, bí irun orí kan ṣe fẹ̀ tó.

Ìṣẹ́jú mẹ́tàlélógún. Lánlọ́ọ̀dù kan ilẹ̀kùn. Kò sẹ́ni tó dìde.

Ìṣẹ́jú kẹrìnlélógún. Ó ku ìṣẹ́jú kan kí omi dé ibi tí ìṣó wà. Alága gbé ìkọkànlá sí etí.


11.

Ẹ dákẹ́. Ẹ jẹ́ á gbọ́.