Ẹnu Tó Kún fún Ìṣó

Àbíkẹ́yìn ń fi ọ̀bẹ ha pọ́tì gbígbẹ, àtè tí wọ́n fi ń lẹ gíláàsì, kúrò lára férémù fèrèsé, ìṣó wẹ́wẹ́ láàárín ètè rẹ̀, bí àwọn tó ń fi gíláàsì sí fèrèsé ti máa ń ṣe. Fèrèsé ṣí gbayawu sí títì. Nínú yàrá, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjèèjì ń jiyàn lórí ohun tó fa ogun.

“Ilẹ̀ ni!” Awakọ̀, àkọ́bí wọn, lu tábìlì. “Wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àgbẹ̀, àgbẹ̀ sì gbé ìbọn.”

“Àpótí ìbò tí wọ́n dáná sun ni,” Tíṣà fèsì. “Ẹ̀gbọ́n, ìdí ọkọ̀ lẹ ti ń wo ayé.”

“Ìwọ ńkọ́? Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lo wà nígbà tí ìbọn ń dún!”

Àbíkẹ́yìn yọ ìṣó lẹ́nu. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rẹ ohùn sílẹ̀. Ògiri létí, ká má tiẹ̀ wá sọ ti fèrèsé tí kò ní gíláàsì.”

Ìjọba ti kéde lórí rédíò pé àwọn àjèjì ló fa ogun. Ẹni tó bá sọ òmíràn, ọ̀tá ìlú ni. Apòògùn tó wà lódìkejì títì sọ òmíràn níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Wọ́n gbé e lọ. Ìyàwó rẹ̀ kò tíì mọ ibi tó wà.

Tíṣà rẹ ohùn sílẹ̀. Awakọ̀ kò gbà. Ojú ogun yẹn ni ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo kú sí.

“Ṣé kí n purọ́ mọ́ òkú ọmọ mi ni? Ẹni tó bá bi mí, màá sọ fún un.”

Ìró bàtà sójà dún lójú títì. Àbíkẹ́yìn gbé gíláàsì sí ojú férémù kíá.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí! Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì tì í!”

Awakọ̀ tì í. Nínú ilé wọn, àbúrò kì í nawọ́ kan ẹnu ẹ̀gbọ́n. Síbẹ̀, Àbíkẹ́yìn ki àwọn ìṣó bọ̀ ọ́ lẹ́nu kó má baà lè sọ̀rọ̀.

Sójà dúró níwájú fèrèsé. Ó wọ́ ìbọn wá síwájú. “Bàbá, ohùn rẹ ni mo gbọ́. Kí ló fa ogun?”

“Àwọn àjèjì ni, ọ̀gá,” Tíṣà dáhùn.

“Mi ò bi ọ́. Bàbá?”

Ṣóńṣó ìṣó kan ti yọ jáde láàárín ètè Awakọ̀. Ó fẹ́ tu ú dànù.

“Ọ̀gá, ẹ ṣàánú,” ni Àbíkẹ́yìn wí. “Tó bá lanu, á gbé ìṣó mì.”

“Kó mi orí, nígbà náà. Àwọn àjèjì ló fà á, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?”

Awakọ̀ wo ìbọn. Ó wo àbúrò rẹ̀ tó di gíláàsì mú. Lẹ́yìn náà ló mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, omijé sì bọ́ sí i lágbọ̀n. Sójà rẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ.

Àbíkẹ́yìn yọ àwọn ìṣó náà lẹ́nu Awakọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kàn wọ́n mọ́ férémù. Ó fi pọ́tì sí gbogbo etí gíláàsì, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú.”

“Parí iṣẹ́ rẹ.”

Ó nu àmì ọwọ́ Awakọ̀ kúrò lára gíláàsì, ó sì kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò. Ó kúnlẹ̀, ó ní ó dàbọ̀. Awakọ̀ kẹ́yìn sí i. Àbíkẹ́yìn gbé àpò kọ́ èjìká, ó jáde, ó sì gba ọ̀nà tí sójà kò gbà.