Wọ́n Pe Yésúfù Síṣẹ́

Òjé ti gbé ẹ̀rọ ìránṣọ karí kí Sàídátù tó rí ọ̀rọ̀ sọ. Gáàdì ìjọba ni Òjé, ọmọ Atakpamé, onífìlà pupa, àmọ́ ó ti ṣí fìlà náà kí ẹ̀rọ lè jókòó dáadáa. Ẹni tó rán an dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́: Félicien, akọ̀wé kọ̀máńdà, òyìnbó Faransé tó ń ṣàkóso Lomé. Ó ń tẹ aṣọ tí Sàídátù gé sílẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tẹ ẹní.

Félicien ní Yésúfù kò jáde fún iṣẹ́ ọ̀nà. Gbogbo ọkùnrin ló gbọ́dọ̀ fi ọjọ́ mẹ́wàá ru òkúta fún ìjọba lọ́dọọdún, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n sì ti pe orúkọ rẹ̀. Ẹ̀rọ á wà ní bírò kọ̀máńdà títí ó fi máa yọjú.

“Ọkọ mi ti kú, Mùsíọ̀. Ọdún kejì rèé.”

“Orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé,” ni akọ̀wé wí. “Ẹni tó bá wà nínú ìwé kò tíì kú.”

Ẹ̀rọ yìí ló ń bọ́ Sàídátù àti ìyá ọkọ rẹ̀ tí kò ríran mọ́. Bí wọ́n bá gbé e lọ, ebi ló wọlé yẹn. Bó bá sunkún, Félicien ti ní èsì ẹkún lẹ́nu, nítorí náà kò sunkún. Ó wé gèlè.

“Ó dáa. Mo mọ ibi tó wà. Ẹ jẹ́ ká lọ pè é. Bí kò bá jẹ́ yín lóhùn, ẹ máa gbé ẹ̀rọ lọ.”

Àwọn ará àdúgbò Anagokomé ti kún ẹnu ọ̀nà, ojú sì ti akọ̀wé láti sọ pé rárá. “Allons-y, ẹ jẹ́ ká lọ,” ló wí. Ó rò pé ìtòsí ni.

Sàídátù mọ̀ọ́mọ̀ gba ọ̀nà tó jìn. Ní Ọjà Ńlá, ó dúró lọ́dọ̀ Julienne ẹlẹ́ja, ó ní akọ̀wé ń wá Yésúfù. Julienne wo Félicien láti òkè délẹ̀. Ó ní ibí yìí ni Yésúfù ti máa ń ná ẹja títí òun á fi fi ọ̀kan ṣe èènì fún un, ẹ̀gbọ́n òun tó kú lọ́dún tó lọ náà sì wà lára àwọn tí wọ́n ń pè. Ó da aṣọ bo ọjà rẹ̀, ó tẹ̀ lé wọn. Ní wọ́ọ̀fù etíkun tí wọ́n ti ń kó ẹrù sọ́kọ̀ òkun, àwọn aláàárù sọ ẹrù kalẹ̀, wọ́n fi ibi tí àpò kòkó ti wó lu Yésúfù hàn, àti abẹ́ òjìji tí wọ́n tẹ́ ẹ sí, tí dókítà kankan kò sì wá. Ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin, Célestin tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì ní òun ló yá wọn ní ọmọlanke tó gbé òkú lọ sílé.

Félicien tó ń yangàn pé òun mọ Lomé tán nínú àwòrán ìlú tí wọ́n kàn mọ́ ògiri bírò kò mọ ọ̀kankan nínú ibi wọ̀nyí. Iyanrìn kún bàtà rẹ̀. Òógùn bo Òjé lábẹ́ ẹ̀rọ. Nígbà tí wọ́n fi kọjá àdúgbò Nyékonakpoè, èèyàn tó ń tẹ̀ lé wọn ti lé ní àádọ́ta.

Lẹ́yìn àwọn igi àgbọn ni ibojì àwọn Mùsùlùmí wà. Sàídátù dúró níwájú ebè iyanrìn kan.

“Òun rèé, kò sá. Ẹ pè é bí ẹ ṣe pè é lójú pópó.”

Félicien ṣí ìwé, ó pa á dé. Ó ní àṣìṣe ìkọ̀wé ni.

Òjé sọ ẹ̀rọ kalẹ̀. “Kì í ṣe àṣìṣe, Mùsíọ̀. Èmi ni mo fa àgbò tí Bàbá Yẹ̀kínì mú wá wọ ẹ̀yìnkùlé yín. Ẹ yọ orúkọ bàbá náà kúrò nínú ìwé, iye èèyàn kò sì gbọdọ̀ dín lójú kọ̀máńdà, lẹ bá fi òkú dí i.”

Yẹ̀kínì aláṣọ tí gbogbo wọn mọ̀! Ìlà iwájú ló dúró sí lọ́jọ́ tí wọ́n kírun sí Yésúfù lára. Ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn, ó fi ẹ̀gún sọ́wọ́. Òjé tún gbé ẹ̀rọ karí, ó sì gbé e padà sí Anagokomé. Ẹnikẹ́ni kò rán an.

Kọ̀máńdà kì í wá adájọ́ kó tó sọ èèyàn dúdú sẹ́wọ̀n ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Wọ́n gba fìlà pupa lórí Òjé. Wọ́n ní Sàídátù rí ìjọba fín, wọ́n tì í mọ́lé. Félicien wà lórí àga rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n kó àwọn obìnrin ẹlẹ́wọ̀n lọ ru òkúta sí ọ̀nà tó kọjá níwájú ilé Yẹ̀kínì. Ọkùnrin náà jáde nínú agbádá funfun, ó rí Sàídátù, ó fẹ́ yí ojú. Sàídátù ti sọ òkúta kalẹ̀. Ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé.

“Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Yésúfù ní kí n kí yín. Ó ní àyà ń dun òun, kí n wá bá òun parí iṣẹ́ yín.”

Àwọn ẹlẹ́wọ̀n tó kù sọ òkúta kalẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń kí i.