Wọ́n Gbé Orí Àwẹ̀ró Lé Ara Ẹlòmíì

Àwẹ̀ró, ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi, kú ní Darkuman, ní ìlú Accra, láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ọwọ́ rẹ̀ sì wà nínú omi. Òwe kọ́ ni mò ń pa. Ó ń fọṣọ lọ́wọ́ ni, ó ṣubú lé ọpọ́n. Nígbà tí wọ́n máa fi gbé e dìde, ìfófó ọṣẹ ṣì wà ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Mo gbà fún dókítà. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá bi èmi léèrè, aṣọ ló pa á.

Ọkọ rẹ̀, Abọ́dúndé, ń ta aṣọ àlòkù ìlú òyìnbó ní ọjà Kantamanto. Tí wọ́n bá tú bẹ́ẹ̀lì, ìdì aṣọ ńlá tó ń tòkèèrè bọ̀, èyí tó dára a lọ sórí ìkọ́, èyí tó bá ní àbàwọ́n a wálé wá bá Àwẹ̀ró. Òun ni yóò da oògùn tí ń bó àbàwọ́n sínú ọpọ́n, òun ni yóò fọ̀ ọ́, òun ni yóò lọ̀ ọ́, tí yóò wá bọ́tìnnì tó ti sọnù rán mọ́ ọn. Ọkọ a wá gbé e padà sọ́jà, a tà á bí ojúlówó. Láti ìgbà tó ti dé ilé ọkọ ló ti ń ṣe é, kò sì sẹ́ni tó pè é níṣẹ́. Tí àlejò bá bi Abọ́dúndé pé kí ni ìyàwó rẹ̀ ń ṣe, á ní, "Ó wà nílé." Ilé! Bíi pé ó jókòó tó ń kun èékánná. Èékánná wo? Oògùn yẹn ti jẹ wọ́n dé ìdí.

Fọ́tò yíyà niṣẹ́ tèmi. Mò ń ya àwọn obìnrin nídìí ohun tí wọ́n ń ṣe nínú ilé, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í gbé kámẹ́rà dé: ẹni tó ń lọ ata, ẹni tó ń wẹ̀ fún ìyá ọkọ tí kò lè dìde mọ́, ẹni tó ń jẹun lórí ìdúró nítorí pé wọ́n á tún pè é. Ọjọ́ tí mo gbé kámẹ́rà lọ bá Àwẹ̀ró, ó yarí.

"Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, jẹ́ kí n lọ wọ léèsì mi ná."

Adédùntán lorúkọ mi, ṣùgbọ́n ó bá mi nílé ọkọ rẹ̀ nígbà tí mo ṣì ń rákòrò, kò gbọ́dọ̀ pe orúkọ ọmọ ọkọ. Obìnrin tó tó ìyá mi ní ń pè mí ní ọkọ òun.

Mo ní, "Ẹ má pààrọ̀ nǹkan kan. Ẹ máa fọṣọ yín."

"Nínú ìdọ̀tí yìí? Orí ẹ ò pé, ọkọ mi."

Ó bá bú sẹ́rìn-ín, ó gbójú sókè, ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi kí n má baà yà á, omi ń kán tótó nínú wọn. Mo tẹ kámẹ́rà. Fọ́tò náà nìyẹn: ojú tó ń rẹ́rìn-ín, àtẹ́lẹwọ́ méjì níwájú, gbogbo rẹ̀ ti pọ́n, ó là, awọ ń ṣí kúrò lórí ìka bí ọ̀dà ara ògiri.

Mo gbé e kọ́ pẹ̀lú àwọn tó kù sínú gbọ̀ngàn kan ní Jamestown. Àwẹ̀ró wọ tọrọ-tọrọ̀, bọ́ọ̀sì akérò, wá wò ó. Ó dúró níwájú rẹ̀ títí, ó sì na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti inú fọ́tò.

Ó ní, "Ṣé o mọ̀ pé mi ò sí nínú fọ́tò kankan nílé wa? Tí wọ́n bá ti ní káwọn èèyàn tò, ìdí ààrò ni mo máa ń wà. Ti káàdì ìjọba yẹn, ọrùn ni wọ́n gé mi dé. Inú tìẹ yìí nìkan ni mo pé sí." Ó yíjú sí mi. "Jọ̀ọ́, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ẹ, má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n gé ọwọ́ mi kúrò."

Mo ní, "Kò sẹ́ni tó máa gé e."

Ọ̀rọ̀ tí mo fún un nìyẹn, kò sì pẹ́ sígbà náà tó fi kú.

Ní Accra, ẹ kì í sin òkú láìlẹ pósítà rẹ̀ mọ́ ògiri àdúgbò. Mọ̀lẹ́bí bá tú gbogbo àpótí ilé. Fọ́tò ìsọmọlórúkọ, ti ìgbéyàwó, ti Kérésì: Abọ́dúndé wà níbẹ̀, ó jókòó, ó ya ẹsẹ̀. Àwẹ̀ró kò sí. Nínú ọ̀kan péré ni a ti rí ìgbọ̀nwọ́ obìnrin létí fọ́tò, tíréè ìrẹsì wà lórí rẹ̀. Ọlábùnmí, ọmọbìnrin rẹ̀, fi ìka kàn án. "Mọ́mì nìyí," ló wí. A wá fa káàdì ìjọba Gánà rẹ̀ yọ, ojú rẹ̀ le níbẹ̀ bí ti ẹni tí ọlọ́pàá mú. Àǹtí Ojúọlá, àbúrò Abọ́dúndé, wò ó, ó jù ú sílẹ̀.

"Ṣé olè la fẹ́ sin ni?"

Gbogbo wọn bá yíjú sí mi.

Mo ní, "Mo ní fọ́tò. Ẹ sì mọ èyí tí mo ní. Ẹ lò ó bó ṣe wà."

Abọ́dúndé dìde. "Pẹ̀lú ọpọ́n? Pẹ̀lú ọwọ́ adẹ́tẹ̀ yẹn? Kí gbogbo Darkuman máa sọ pé mo sọ ìyàwó mi di alágbàfọ̀?"

"Bàbá, ta ló wá sọ ọ́ di kí ni? Wọ́n ń rí i tó ń fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́. Òkú rẹ̀ ló wá ń tì yín lójú?"

"Adédùntán!"

"Ó bẹ̀ mí kó tó kú pé kí n má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n gé ọwọ́ òun kúrò. Gbogbo ẹ̀ ni mo máa fún yín, tàbí kí n má fún yín rárá."

Àǹtí Ojúọlá pòṣé. "Ẹ fi sílẹ̀ jàre. Ẹnu rẹ̀ náà ló lé ọkọ sá fún un."

Mo ní, "Ẹ ṣeun, Àǹtí. Ọwọ́ mi ṣì mọ́."

Mo rò pé mo ti borí ni. Lọ́jọ́ Ẹtì, mò ń ti Kaneshie bọ̀, mo rí Àwẹ̀ró lára ògiri. Orí rẹ̀ ni, ẹ̀rín rẹ̀ ni. Nísàlẹ̀ ọrùn, obìnrin mìíràn ló bẹ̀rẹ̀: léèsì aláwọ̀ wúrà, ìlẹ̀kẹ̀, ọwọ́ pupa rẹ́súrẹ́sú tó di òdòdó mú, òrùka lórí ìka, èékánná gígùn. Mo sì mọ ara yẹn! Lára ògiri kan náà, ìyá oníbúrẹ́dì tó kú lóṣù tó kọjá wà nínú léèsì yìí, ó di òdòdó yìí kan náà mú. Òkú méjì, ara kan.

Mo já lọ sí ṣọ́ọ̀bù Fatawu, ẹni tó ń ṣe pósítà òkú ní oríta wa. Kò sá.

"Mepa wo kyɛw, Sísítà," ó ń fi Twi bẹ̀ mí, lẹ́yìn náà ó bọ́ sí Yorùbá tó kọ́ lọ́dọ̀ wa. "Àǹtí yín ló gbé e wá. Wò ó." Ó fi fóònù hàn mí. Àǹtí Ojúọlá ti lọ sí Jamestown, ó fi fóònù ya fọ́tò mi lórí ògiri; òjìji gèlè rẹ̀ hàn nínú gíláàsì. "Oríṣiríṣi ara ló wà lọ́dọ̀ mi tí mo máa ń gbé orí òkú lé: ti oníkẹ́ńtè wà, ti oníkóòtù wà fún ọkùnrin. Ó ní òun fẹ́ èyí tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ jù lọ. Ara yìí ló ń tà jù."

"Ta ló ni ọwọ́ yìí?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni mo ti rí i. Bóyá ó ṣì wà láyé."

Mo ya pósítà tó wà lórí tábìlì rẹ̀ sí wẹ́wẹ́. Ó kàn ń wò mí. "Ẹ̀yin Alata, ẹ̀yin Yorùbá yìí, ẹ fẹ́ràn ariwo. Mo ti tẹ̀ ẹ́ tán, Sísítà. Ó ti wà nígboro."

Ó kù kí n rí Àwẹ̀ró fúnra rẹ̀. Ní àárọ̀ Sátidé, wọ́n tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì nínú àgbàlá, àwọ̀n funfun yí i ká, àwọn èèyàn nínú dúdú àti pupa ń tò kọjá. Léèsì rẹ̀ ni wọ́n wọ̀ fún un, èyí tí mi ò jẹ́ kó lọ wọ̀ lọ́jọ́sí. Mo dé ibi orí rẹ̀, mo wo ìsàlẹ̀. Wọ́n ti fi ìbọ̀wọ́ funfun bò ó dé ọrùn ọwọ́, wọ́n fi rìbọ́ọ̀nù so ó.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú rìbọ́ọ̀nù.

Àǹtí Ojúọlá ló kọ́kọ́ rí mi. "Kí lò ń ṣe? Adédùntán, kí lò ń ṣe sí òkú!"

"Ọwọ́ rẹ̀ ni mò ń wá."

Ìbọ̀wọ́ ọ̀tún bọ́. Awọ díẹ̀ bá a jáde. Ọwọ́ náà wà níbẹ̀, ó ti dúdú, gbogbo ojú ibi tó là hàn kedere. Orin tí wọ́n ń kọ dúró. Ìyá kan tí òun náà ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀lì fún ọkọ rẹ̀ wo ọwọ́ yẹn, ó sì ká ọwọ́ tirẹ̀ sábẹ́ ìborùn. Mo nawọ́ sí ti òsì. Abọ́dúndé ti dì mí mú látẹ̀yìn, àwọn ọkùnrin méjì bá a, wọ́n wọ́ mi jáde sójú títì bí ẹni tó jalè. Láti ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ tí wọ́n ń kan ìṣó mọ́ pósí. Ọwọ́ kan ṣí sílẹ̀, ìkejì wà nínú ìbọ̀wọ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sin ín. Ìdajì ọ̀rọ̀ tí mo fún un ni mo mú ṣẹ.

Nígbà tí àwọn àlejò jẹun tán, mo yọ́ gba ẹ̀yìn ilé wọlé. Ìbọ̀wọ́ yẹn ṣì wà nínú àpò mi. Ọlábùnmí jókòó síwájú ọpọ́n ìyá rẹ̀, ọpọ́n yẹn gan-an, abọ́ gbogbo ẹni tó wá ṣọ̀fọ̀ ga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Olúkúnlé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, na ẹsẹ̀ ní pálọ̀, ó ń tẹ fóònù.

Mo ní, "Bùnmí, fi abọ́ yẹn sílẹ̀. Ìyá rẹ la sin lónìí."

Ó na ọwọ́ sí mi pé kí n gbá àwo kan tó ń yọ̀ mú, mo sì rí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì: wọ́n jọ̀lọ̀, wọ́n tutù, kò sí ojú ibi tó là kankan. Mo ní kámẹ́rà lọ́rùn. Mi ò gbé e sókè.

Ohùn Àǹtí Ojúọlá jáde láti inú ilé. "Ọlábùnmí! Bàbá ẹ kò tíì rí omi wẹ̀ o!"

Mo ní, "Jókòó. Jẹ́ kí bàbá ẹ lọ pọn ọ́n fúnra rẹ̀."

Ó wò mí. Ó wo ẹnu ọ̀nà. Ó nu ọwọ́ sára aṣọ dúdú rẹ̀, ó sì gbé garawa.