Okùn Benoît ní Pápá Ìyìnbọn

Eustache, baba Nicolas, ẹ̀gbọ́n Benoît ọkọ rẹ̀, nìkan ni Euphrasie sọ fún pé òun ń lọ sí pápá ìyìnbọn. Kò bẹ̀ ẹ́ rárá.

"Baba Nicolas, ẹ̀yin lẹ ń sọ kiri abúlé Kèrè pé ẹnu mi ló lé Benoît lọ sí Gánà. Ẹ jẹ́ ká lọ wo ibi tó lọ kẹ́yìn."

"Kí la fẹ́ rí níbẹ̀? Irin?"

"Bó bá jẹ́ irin, ẹ ó rù ú bọ̀ wálé. Ẹ ṣáà fẹ́ràn ohun ọ̀fẹ́."

Àwọn ṣọ́jà ló gba ilẹ̀ ẹsẹ̀ òkè kan lẹ́yìn Kèrè, tí wọ́n ń kọ́ ìbọn yíyìn níbẹ̀. Wọ́n ní kí ará abúlé má wọ̀ ọ́. Benoît ń wọ̀ ọ́ láti dẹ pàkúté, torí pé ọ̀yà ti pọ̀ jù níbẹ̀. Lọ́jọ́ tó lọ kẹ́yìn, ìbọn dún títí di ọ̀sán. Kò padà wálé. Ọ̀gá ṣọ́jà ní àwọn kò rí ẹnì kankan. Ẹbí ní kò sí òkú, kò sí ọ̀fọ̀, kò sí Mísà. Báyìí àwọn ṣọ́jà ti kó lọ, wọ́n fi àwọn ọkọ̀ tó ti bàjẹ́ tí wọ́n ń yìnbọn sí sílẹ̀.

Nígbà tí wọ́n débẹ̀, Eustache ló ṣíwájú, ó ń fi igi tẹ ilẹ̀ wò, bóyá ọta tí kò tíì bú wà níbẹ̀.

"Ibi tí mo bá gbé ẹsẹ̀ sí ni kí o gbé tìrẹ sí."

Koríko ti hù gba inú àwọn ọkọ̀ náà jáde. Ìbọn ti lu ara wọn, ihò mìíràn gba ìkúùkù. Eustache fọwọ́ gbá ọ̀kan.

"Irin gidi lèyí." Ojú tì í, ó gbé ọwọ́ kúrò.

Euphrasie bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ tó tẹ̀ lé e. Okùn pàkúté kan wà níbẹ̀, wọ́n so ó mọ́ irin àárín táyà méjì. Egungun wà nínú ojóbó rẹ̀, pẹ̀lú eyín gígùn pípọ́n ràkọ̀ràkọ̀ tí gbogbo ará abúlé mọ̀. Ọ̀yà ni.

"Baba Nicolas, ta ló ta kókó yìí?"

Ó fọwọ́ kàn án.

"Kókó ọlọ́wọ́ òsì ni, ti Benoît. Mo máa ń nà án ní kékeré nítorí ọwọ́ yẹn."

"Ṣé ẹni tó ń lọ Gánà á dẹ okùn sílẹ̀?"

"Rárá. Baba wa ní, bó o bá ń lọ ọ̀nà jíjìn, kọ́kọ́ lọ tú okùn rẹ, kí ẹran má jẹrà síbẹ̀." Ó ṣí fìlà. "Benoît kì í ṣẹ̀ sí ọ̀rọ̀ yẹn."

Euphrasie tú gèlè rẹ̀, ó jókòó sínú koríko, ó sun ẹkún tí wọn ò jẹ́ kó sun láti ọjọ́ yìí wá. Eustache ò mọ ibi tí yóò dúró sí.

"Ìyá Lucienne, ọ̀rọ̀ tí mo sọ yẹn..."

"Ẹ má sọ ọ́ fún mi. Kèrè lẹ ti sọ ọ́."

Nígbà tí wọ́n dé Kèrè, Eustache kò tíì fi fìlà náà dé orí. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé àkọ́kọ́.

"Ẹ jáde wá! Àbúrò mi ti kú. Kò lọ Gánà. Irọ́ ni mo pa mọ́ ìyàwó rẹ̀."

Nílé kejì, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Euphrasie dúró títí ó fi tún un sọ.