Àwọn Ìwé Tí Àtinúkẹ́ Kò Là

Lọ́dún 1969, nígbà tí ìbọn ti dákẹ́ ní Port Harcourt ṣùgbọ́n tí ogun ò tíì tán, ìwé ìtàn ìfẹ́ kún abẹ́ bẹ́ẹ̀dì Àtinúkẹ́ bámúbámú. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Làmídì, ọlọ́pàá, ló ń gbé. Kì í lọ sọ́jà kó má yà ní ṣọ́ọ̀bù ìwé Dagogo, ọmọkùnrin Kàlàbárí tó rẹwà bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Bó bá ti yà, á ra ìwé kan. Bó bá rà á tán, kì í kà á.

Lọ́jọ́ tí àṣẹ dé pé kí Làmídì padà sí Èkó, Memunat ìyàwó rẹ̀ fẹsẹ̀ ti ìwé náà síta. Adúmáradán ló ń pe Àtinúkẹ́, nítorí ìyàwó kì í dárúkọ àbúrò ọkọ.

"Adúmáradán mi, Sátidé la ń lọ. Ẹrù yín yìí ò ní wọkọ̀. Ẹ jẹ́ n fi dáná."

"Ẹ má fọwọ́ kàn án, Ìyàwó wa! Dagogo máa ń gba èyí téèyàn bá ti kà tán."

"Ìgbà wo lẹ kà á tán? Àbí ojú oorun lẹ fi ń kàwé?"

Àtinúkẹ́ kó ìwé rù, ó mú ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù Dagogo pọ̀n. Bó bá wọkọ̀ láìmọ inú Dagogo, ọkàn rẹ̀ ò ní wọkọ̀ ọ̀hún.

Ohun tó gbàgbé ni pé àwọn tó ń tẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ kì í gé etí rẹ̀. Ẹni tó bá rà á ló ń fi abẹ la ewé rẹ̀ bó ṣe ń kà á lọ. Dagogo ṣí àkọ́kọ́, ewé ṣì so mọ́ra. Ó ṣí òmíràn, bákan náà. Ẹ̀rín pa á.

"Sista, you no read one! Wetin you dey buy since?"

Ojú ti Àtinúkẹ́ dé eékánná. Wọ́n ní obìnrin kì í dẹnu kọ ọkùnrin. Àmọ́ Sátidé ò ní dúró de ẹnikẹ́ni.

"Na you I dey come see." Kò gbójú sílẹ̀.

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu Dagogo. "I think say you get husband. I think say na him dey read am."

"Ọkọ wo?" Ó ti jáde lẹ́nu rẹ̀ kó tó rántí pé Dagogo ò gbọ́ Yorùbá. "I no get! Saturday we dey go Lagos. If you want me, come tell my brother. If you no want, talk am now."

Oníbàárà kan nawọ́ owó sí Dagogo, kò tilẹ̀ rí i. Ó wọ ẹ̀wù, ó fa ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù dé lọ́sàn-án gangan.

"Which side be una house?"

Àtinúkẹ́ ṣíwájú. Kò dẹ̀rìn, kò sì bojú wẹ̀yìn. Ó ń gbọ́ bàtà Dagogo lẹ́yìn rẹ̀.