Ta Ló Ń Tẹ Koríko Wa?

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ìgbìmọ̀ àwọn onílé gbin koríko sí gbàgede tó wà láàárín ilé mẹ́rìnlá náà, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta náà sì ni ẹsẹ̀ pa á. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ o. Ojú ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni, tóóró, tó pá bí àtàrí àgbàlagbà, tó gba àárín koríko kọjá bí ìgbà tí èèyàn fi abẹ fá a.

Ìyá Agbẹ̀bí ni wọ́n fi ìtọ́jú koríko lé lọ́wọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n béèrè ẹni tí yóò máa bomi rin ín, gbogbo ọkùnrin inú ìgbìmọ̀ ló rántí lójijì pé ẹ̀yìn ń dun àwọn. Obìnrin tó fi ọgbọ̀n ọdún gbẹ̀bí kó tó fẹ̀yìn tì, tí orúnkún rẹ̀ ń ké bí ilẹ̀kùn àtijọ́, òun ni wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ tutù. Ó ti pé ọdún méjì báyìí. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ó ti gbé korobá, ó ti ń lọ síbi ẹ̀rọ omi ní ìkángun gbàgede. Ojú ibi tí koríko ti kú yẹn gan-an ló máa ń gbà, kó má baà tẹ èyí tó ṣì wà láàyè. Korobá mẹ́wàá láràárọ̀, nígbà tí àwọn tó kù ṣì ń hanrun. Bó bá ṣe tán, á jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé rẹ̀, á máa fọwọ́ ra orúnkún, á máa ṣépè fún ẹni tó ń tẹ koríko.

Òun náà ló dá òfin sílẹ̀: ẹni tọ́wọ́ bá tẹ̀ ni yóò gba korobá fún odidi ọdún kan. Ìgbìmọ̀ pàtẹ́wọ́. Wọ́n rò pé ìjìyà ló ń wá fún ẹnì kan. Oorun ló ń wá.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ parí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n ń fi ọ̀dà kun yàrá ìsàlẹ̀ ilé Káfíńtà, tó jẹ́ alága, ni gbogbo wọn bá gun òkè lọ ṣèpàdé. Dírẹ́bà ni wọ́n di ẹ̀bi rù. Ilé rẹ̀ fara ti ti Ìyá Agbẹ̀bí, Káfíńtà sì ní Dírẹ́bà ló máa ń jáde láfẹ̀mọ́júmọ́, ta ni ì bá tún jẹ́?

Dírẹ́bà ní, “Ọkọ̀ ni mo fi ń jáde, ọ̀gá. Táyà ló ní, kò wọ bàtà.”

Káfíńtà ní kí ẹni tó bá gbà pé Dírẹ́bà ni nawọ́ sókè, kí Màmá kọ́kọ́ nawọ́, torí òun ni ìyà náà ti jẹ jù.

Ọwọ́ Ìyá Agbẹ̀bí ti dé ìdajì kí ojú rẹ̀ tó bọ́ sí fèrèsé. Kò tíì wo gbàgede látòkè rí. Ojú ẹsẹ̀ náà nà gbọọrọ nísàlẹ̀. Ìdí ẹ̀rọ omi ló ti bẹ̀rẹ̀, ìdí àtẹ̀gùn tirẹ̀ ló parí sí, kò tilẹ̀ yà kí ilé Dírẹ́bà rárá. Korobá rẹ̀ dojú dé síbẹ̀ bí ẹlẹ́rìí tó ń dúró kí wọ́n pe òun.

Kò sẹ́lòmíì tó wo fèrèsé. Orúnkún rẹ̀ ń yọ ọ́ lẹ́nu. Odidi ọdún kan, oorun àsùnyé. Kó ṣáà gbé ọwọ́ náà sókè díẹ̀ sí i ni.

Ó sọ ọ́ kalẹ̀.

“Ẹ fi ọmọ yìí sílẹ̀. Èmi ni.”

Káfíńtà rẹ́rìn-ín. “Màmá, oorun ń kùn yín.”

“Ọdún méjì ni mi ò tíì sùn. Ẹ wá wojú fèrèsé.”

Wọ́n wò ó. Dírẹ́bà wò ó pẹ́ ju gbogbo wọn lọ, ó sì yíjú sí i.

“Màmá, èpè tí mò ń gbọ́ látinú ilé láràárọ̀ yẹn, ara yín lẹ̀ ń ṣẹ́ ẹ fún?”

“Ó ti ń jà. Ṣé o ò rí orúnkún mi ni?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, àfi òun. Wọ́n fẹnu kò kíá pé kí wọ́n to òkúta pẹlẹbẹ sójú ẹsẹ̀ náà, níwọ̀n ìgbà tí ẹsẹ̀ ti yan ọ̀nà tirẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan ẹni tí yóò máa pọnmi, kálukú bẹ̀rẹ̀ sí í wo bàtà ara rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á. Ìyá Agbẹ̀bí kò dúró de ìdáhùn. Òfin rẹ̀ ni, korobá rẹ̀ ni. Ó fọwọ́ ti orúnkún, ó dìde.

Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kí Dírẹ́bà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì le bíi ti ẹni tí wọ́n fipá mú. “Ọjọ́ Àìkú ni tèmi. Ọjọ́ kan ṣoṣo o, Màmá. Ẹ má bẹ̀ mí kún un.”

Kò bẹ̀ ẹ́.

Lọ́jọ́ Àìkú, àsìkò tó máa ń jí náà ló jí. Ó fẹsẹ̀ kan ilẹ̀, ó rántí, ó gbé e padà. Ó gbọ́ tí korobá kọ lu ẹ̀rọ omi, ó gbọ́ tí Dírẹ́bà ń kùn, tó ń bú ẹni tó kọ́kọ́ gbin koríko láyé. Ó ń ka korobá rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan lórí ibùsùn. Ó kà á dé mẹ́rin. Ìkarùn-ún kò bá a lójúfò.