Iye tí Wọ́n Ń Kà fún Wa Lẹ́nu Géètì

Bí ẹ bá dé ọjà Warri, tí ẹ béèrè Kúbúrátù ẹlẹ́nu, wọn á júwe mi. Ṣùgbọ́n lọ́dún tí àwọn ọ̀dọ́ etí omi gbé ìbọn, ẹnu mi wọhò. Hàmídù ọkọ mi ni kúùkù nínú ọkọ̀ ńlá kan tí àwọn òṣìṣẹ́ epo ń gbé lórí omi. Àrùn onígbáméjì wọ inú ọkọ̀ náà, wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jáde. Ta ló sì fẹ́ gba àárín ìbọn kọjá lọ wo ọkọ ẹ̀?

Láràárọ̀, àwa ìyàwó wọn á péjọ sẹ́nu géètì ọ́fíìsì iléeṣẹ́ epo wọn ní Jakpa Road. Olúsànmí, ọmọ Èkó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá síbẹ̀, á gbọ́ iye aláìsàn lórí rédíò tí wọ́n fi ń bá àwọn inú ọkọ̀ sọ̀rọ̀, á jáde wá sọ ọ́. Kì í pe orúkọ. Á kàn ní, "Today na twelve sick," á padà wọlé. Ọkùnrin tó gbọ́ Yorùbá bí omi, pijin ló ń sọ sí mi! Inú bí mi.

Iye náà bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Ó di mẹ́sàn-án, ó di márùn-ún. Abigail, ará Ekurede tí ọkọ tiẹ̀ náà wà níbẹ̀, dì mọ́ mi, ó ní, "My sister, God don hear us." Mo din àkàrà, mo fi ṣe sàárà. Mo gbé ti Olúsànmí fún un, kò fọwọ́ kàn án. Mo bú u ní agbéraga.

Wọ́n ní bá a bá ń sunkún, à á máa ríran. Èmi ń yọ̀, mi ò ríran.

Lọ́jọ́ tó ní kò sí aláìsàn kankan mọ́, àwọn obìnrin bẹ́ sí ijó. Èmi náà fẹ́ jó, ni ọ̀rọ̀ kan bá sọ sí mi lọ́kàn. Bí ara wọn bá ti yá, èwo nínú wọn ló tíì bọ́ sórí rédíò kí ìyàwó ẹ̀? Ẹ̀rù bà mí. Mo sún mọ́ Olúsànmí.

"Àbúrò, mélòó ló ṣẹ́kù tó ń jẹun nínú ọkọ̀ yẹn?"

Ojú ẹ̀ pọ́n. Yorùbá ló fi dá mi lóhùn lọ́jọ́ náà. "Ẹ má bínú, mà. Iye aláìsàn nìkan ni wọ́n ní kí n máa sọ. Ẹni tó bá kú, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nínú ẹ̀."

Mo ní kó pe orúkọ àwọn tó kú. Ti ọkọ Abigail ló kọ́kọ́ pè. Mo dúpẹ́. Ọlọ́run forí jì mí, mo dúpẹ́ pé kì í ṣe tèmi.

Ó mí kanlẹ̀, ó tún ní, "Hàmídù."